Ta Ni Ó Ni Ìdáríjì? Àgbéyẹ̀wò Ìwé The Sunflower ti Simon Wiesenthal

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í rẹ́ kí a má jà, a kì í sì í jà kí a má rẹ́. Òwe yìí bá ìgbésí ayé agbo ilé mu, ó sì bá ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ mu. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù láàárín ọdún 1941 sí 1945 tí ó dán òwe náà wò gidigidi. Ìjọba Násì ti ilẹ̀ Jámánì àti àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ pa nǹkan bí mílíọ̀nù 6 àwọn Júù, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin. Láti ìgbà náà ni àwọn Júù tí ó jẹ́ ọ̀jìnmì nínú ìwé ti ń bi ara wọn pé: ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí irú ìjà báyìí lè gbà di rírẹ́? Bí ọ̀nà bá sì wà, ta ni ó láṣẹ láti sọ pé, ‘Mo dárí jì ọ́’, nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ gan-an ti di eérú?

Ìwé tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èyí tí Simon Wiesenthal kọ sórí ìbéèrè náà. Die Sonnenblume ni ó ń jẹ́ ní èdè Jámánì. The Sunflower ni àwọn tí ó ń kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n sí. Òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè tí ń yíjú sí oòrùn ni ó fi sọ ìwé náà lórúkọ. Ọdún 1908 ni a bí Wiesenthal ní ìlú Buczacz, tí ó wà ní ilẹ̀ Ukraine lónìí. Ìlú Vienna ni ó sì kú sí ní ọdún 2005. Iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni ó kọ́. Nígbà tí ogun parí, ó pa iṣẹ́ náà tì, ó sì ń wá àwọn Násì tí ó sá pamọ́ kiri kí wọ́n lè wá jẹ́jọ́. Ó yẹ kí òǹkàwé ní èyí lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ọ̀ràn náà, tí ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìdájọ́ òdodo, ni ó kọ ìwé yìí nípa ìdáríjì.

ÌTÀN INÚ ÌWÉ NÁÀ

Ìtàn náà kò gùn. Wiesenthal jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ní àgọ́ ìfìyàjẹni kan ní ìlú Lemberg, tí à ń pè ní Lviv nísinsìnyí. Ní ọjọ́ kan, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé rí ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì kan tọ̀ ọ́ wá, ó bi í bóyá Júù ni, ó sì mú un lọ sínú yàrá kan. Ọmọ ogun SS kan tí ń jẹ́ Karl ni ó wà lórí ibùsùn níbẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ ìdiegbò dì í lórí àti lójú, kò ríran mọ́, ikú sì ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ fún Júù kan kí òun tó kú.

Karl ròyìn bí òun ṣe dàgbà nínú ìjọ Àgùdà, bí òun ṣe bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Hitler lọ lòdì sí ìfẹ́ bàbá òun, àti bí òun ṣe fi tinútinú wọ ẹgbẹ́ SS. Lẹ́yìn náà ni ó dé orí ohun tí ó ń jẹ ọkàn rẹ̀. Ní ìlú Dnepropetrovsk, wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn Júù sínú ilé kan, wọ́n kó agolo epo bẹntiróò tì wọ́n, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù sí i. Ọkùnrin kan fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lójú, ó bẹ́ láti ojú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ náà. Ìyá ọmọ sì bẹ́ tẹ̀lé wọn. Karl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yìnbọn lù wọ́n. Karl ní ojú àwọn ènìyàn náà kò kúrò lójú òun mọ́. Ó bẹ Wiesenthal pé kí ó dárí ji òun kí òun lè kú ní àlàáfíà. Wiesenthal dìde, ó jáde, kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìyókù ìtàn náà dá lórí ìdákẹ́jẹ́ yìí. Nínú àgọ́, Wiesenthal fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Josek, tí ó jẹ́ olùfọkànsìn, sọ fún un pé kò sí àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti dárí jini lórúkọ ẹlòmíràn. Nígbà tí ó yá, ní àgọ́ Mauthausen, ó sọ ọ́ fún Bolek, ọmọ ilẹ̀ Poland tí ó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà Àgùdà. Lójú Bolek, ẹni tí ó ronú pìwà dà tọkàntọkàn, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè bẹ̀, yẹ fún àánú. Àwọn méjèèjì kò fẹnu kò síbì kan. Ní ọdún 1946, Wiesenthal lọ sí ìlú Stuttgart láti kí ìyá Karl, a ó sì padà sórí ìbẹ̀wò yìí. Ní ìparí, ó yíjú sí òǹkàwé, ó ní kí ó fi ara rẹ̀ sí ipò òun, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ohun tí ìbá ṣe.

Apá kejì ìwé náà ni ìdáhùn àwọn gbajúmọ̀ ènìyàn sí ìbéèrè yìí. Nínú ẹ̀dà tí ó jáde ní ọdún 1997, ènìyàn 53 ni ó dáhùn: Júù, ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì, ẹlẹ́sìn Búdà, òǹkọ̀wé, adájọ́, àní Albert Speer, tí ó ti jẹ́ mínísítà lábẹ́ Hitler rí, wà nínú àwọn tí ìdáhùn wọn wà níbẹ̀.

ỌGBỌ́N ÌSỌ̀TÀN

Kí a tó bọ́ sínú àríyànjiyàn, ó tọ́ kí a wo bí Wiesenthal ṣe sọ ìtàn rẹ̀. Lámèyítọ́ tí ó bá kánjú dé orí ìbéèrè ìkẹyìn yóò pàdánù ìdajì ohun tí ìwé náà ń wí.

Àkọ́kọ́ ni òdòdó. Bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n kọjá níwájú ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun Jámánì. Òdòdó oòrùn kọ̀ọ̀kan ni a gbìn sórí ibojì kọ̀ọ̀kan. Wiesenthal jowú àwọn òkú náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibojì, ó ní orúkọ, ó sì ní òdòdó tí ó so ó mọ́ ayé; ní ti òun, kòtò ńlá tí a ó kó òkú jọ sí láìsí àmì ni ó ń retí. Òdòdó náà wá di àmì ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Júù tayọ ẹ̀mí wọn: wọ́n gba jíjẹ́ ẹnìkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ wọ́n di ọ̀wọ́.

Èkejì so mọ́ èyí. Nígbà tí Karl fẹ́ jẹ́wọ́, ‘Júù kan’ ni ó ní kí nọ́ọ̀sì wá fún òun. Èyíkéyìí tí ó bá ṣáà ti jẹ́ Júù ni. Kò béèrè orúkọ Wiesenthal, kò béèrè bóyá ó ní ìyá tàbí aya, bẹ́ẹ̀ ni kò wádìí ìyà tí a lè fi jẹ ẹ́ bí wọ́n bá bá a nínú yàrá náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń jẹ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó wo ènìyàn bí ọ̀wọ́. Ó sì tún wo ènìyàn bí ọ̀wọ́ nígbà tí ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Wiesenthal kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú nítorí èyí. Ó kàn fi í síwájú wa kí a fi ojú ara wa rí i.

Ẹ̀kẹta ni ìṣe ọwọ́. Karl di ọwọ́ Wiesenthal mú, kò sì fẹ́ kí ó lọ. Nígbà tí eṣinṣin kan ń kùn yí ọkùnrin tí ó ń kú náà ká, Wiesenthal lé e dànù, láìronú. Ẹnu kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣe ìtọ́jú díẹ̀. Níhìn-ín ni a ti rí i pé ìdákẹ́jẹ́ náà kò jọ ti ọ̀dájú. Ẹni tí ó lé eṣinṣin kúrò lára ọ̀tá rẹ̀ ti mọ̀ pé ènìyàn ni ọ̀tá náà. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti fúnni ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN ÀWỌN JÚÙ WÍ

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé a máa rò pé ẹ̀sìn àwọn Júù kò fẹ́ ìdáríjì, pé ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì nìkan ni ó fẹ́ ẹ, àti pé Josek àti Bolek kàn dúró fún ẹ̀sìn méjèèjì ni. Èrò yìí rọrùn jù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn rábì kọ́ni.

Nínú Mishnah, àkójọ òfin tí a parí ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ìlànà kan wà nípa Ọjọ́ Ètùtù. Ó pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, Ọjọ́ Ètùtù lè wẹ̀ ẹ́ nù. Èyí tí ó wà láàárín ènìyàn àti ọmọnìkejì rẹ̀, ọjọ́ náà kò lè wẹ̀ ẹ́ nù títí ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò fi lọ tu ọmọnìkejì rẹ̀ lójú. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò bá ẹni tí a ṣẹ̀ dárí jini.

Maimonides, ọ̀mọ̀wé ńlá ọ̀rúndún kejìlá, ṣe àlàyé bí a ti ń ṣe é. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá kọ̀, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kó ọ̀rẹ́ ẹni náà mẹ́ta lọ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tún kọ̀, kí ó lọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ó bá kọ̀ títí dé ibẹ̀, ẹni tí ó kọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wá wà lọ́rùn rẹ̀. Maimonides pe ẹni tí kì í dárí jini ní ìkà. Ó ní ó yẹ kí ènìyàn tètè rọ̀, kí ó sì ṣòro láti mú bínú. Ìgbà tí a bá sì bá ara wa nínú ipò kan náà, tí agbára ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì wà lára wa, tí a sì kọ̀ láti tún un dá, ìgbà náà ni ìrònúpìwàdà pé pérépéré lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ó gbà pé ẹni tí ó ronú pìwà dà ní ọjọ́ ikú rẹ̀ pàápàá kò pẹ́ jù níwájú Ọlọ́run.

Ìtàn kan nínú Talmud tún fi hàn bí ọ̀ràn náà ṣe jinlẹ̀ tó. Alápatà kan ṣẹ Rav, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ńlá ìgbà náà. Rav retí pé yóò wá bẹ òun kí Ọjọ́ Ètùtù tó dé, kò wá. Ni Rav bá ní òun fúnra òun yóò lọ fún un ní àyè láti bẹ̀bẹ̀. Ó bá alápatà níbi tí ó ti ń la orí ẹran. Alápatà gbójú sókè, ó rí i, ó ní kí ó máa lọ, òun kò ní nǹkan kan bá a ṣe. Eegun kan fò láti ara orí ẹran náà, ó bà á lọ́fun, ó sì pa á. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó rin ìrìn-àjò lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́! Ìwé tí ó ní irú ìtàn yìí nínú kò kọ ẹ̀yìn sí ìdáríjì. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí sí ayọ̀, nítorí pé ẹni tí a ṣẹ̀ kò lè ṣe apá tirẹ̀ àti ti ẹlẹ́ṣẹ̀ pọ̀.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lo ọ̀rọ̀ náà ‘ètùtù’ fún ọjọ́ ńlá yìí, ó sì bọ́ sí i dáradára. Àwọn onímọ̀ èdè Hébérù máa ń so kippur mọ́ bíbò tàbí nínù nù. Ọ̀rọ̀ tiwa ń tọ́ka sí títù: inú kan gbóná, ó sì yẹ kí ó tutù. Bí a bá fi ojú ọ̀rọ̀ yìí wo yàrá Karl, ìbéèrè ìwé náà yóò hàn kedere. Inú ta ni Karl ń wá láti tù? Inú tirẹ̀ ni. Àwọn tí inú wọn ìbá gbóná kò sí láyé mọ́.

Bákan náà ni a ń sọ pé ‘Mo jẹ̀bi’ kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Karl sọ pé òun jẹ̀bi, kò sì wá àwáwí. Ǹjẹ́ kò yẹ kí á ní kí ó dìde? Ohun tí òwe náà kò sọ, nítorí pé gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ni pé iwájú ẹni tí a ṣẹ̀ ni a ti ń kúnlẹ̀. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ níwájú ẹlòmíràn lè pẹ́ níbẹ̀ títí, ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ kò sì lè ní kí ó dìde.

ÌDÁHÙN ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ

Abraham Joshua Heschel, ọ̀mọ̀wé Júù tí a bí ní Warsaw, fi ìtàn dáhùn. Rábì olókìkí ìlú Brisk wọ ọkọ̀ ojú irin; àwọn oníṣòwò tí ó ń ta káàdì nínú ọkọ̀ náà bínú sí i pé kò bá wọn ṣeré, ọ̀kan nínú wọn sì tì í síta. Nígbà tí wọ́n dé Brisk, ọkùnrin náà gbọ́ irú ẹni tí ó fìyà jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Rábì kọ̀. Ìdí tí ó fi kọ̀ ni pé kì í ṣe rábì ìlú Brisk ni ọkùnrin náà ṣẹ̀. Arìnrìn-àjò kan tí kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ ni ó ṣẹ̀, kí ó lọ bẹ ẹni náà. Kókó ọ̀rọ̀ Heschel ni pé kò sí ẹni tí ó lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá sí ẹlòmíràn jini. Lójú tèmi, kò sí ìdáhùn tí ó kúrú tí ó sì dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bí èyí.

Primo Levi, Júù ilẹ̀ Ítálì tí ó la Auschwitz já, wo Karl fúnra rẹ̀. Lójú rẹ̀, ọkùnrin náà tún ń lo Júù bí irin-iṣẹ́ láti fi gbé ẹrù kúrò lórí ara rẹ̀. Cynthia Ozick, òǹkọ̀wé obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, le jù ú lọ. Ó ní ìdáríjì tí a bá fún apànìyàn lè di àìláàánú sí ẹni tí a pa, nítorí pé yóò mú ìyà ẹni náà rọ lójú wa. Ó kọ̀ fún Karl pátápátá, ó sì fi eṣinṣin inú yàrá náà ṣíwájú rẹ̀ nínú àánú Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n ó ṣe wá lóore kan: ó mú wa rántí pé àwọn kan wà tí kò sí nínú yàrá náà, tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn ju àwọn méjì tí ó wà níbẹ̀ lọ.

Desmond Tutu, àlùfáà àgbà ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà nílẹ̀ náà, dáhùn láti inú ìrírí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní láìsí ìdáríjì kò sí ọjọ́ iwájú. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ó sọ ọ́ ti jìyà kí ó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Níwájú ìgbìmọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tí a fìyà jẹ tàbí ìbátan àwọn tí a pa ni ó jókòó, wọ́n gbọ́ ìjẹ́wọ́, ẹni tí ó fẹ́ dárí jini dárí jini, ẹni tí kò fẹ́ kò ṣe é. Ní yàrá Karl, kò sí ẹnì kan nínú ìdílé tí ó bẹ́ láti ojú fèrèsé náà. Nítorí náà, Tutu àti Heschel kò fi bẹ́ẹ̀ tako ara wọn tó bí ó ti jọ. Tutu ń sọ ohun tí ìdáríjì lè ṣe. Heschel ń sọ ẹni tí ó ni ín.

ILÉ ÌYÁ KARL

Àwọn tí ó ń jiyàn lórí ìwé yìí a máa fi gbogbo agbára wọn sí orí ibùsùn Karl. Mo rò pé ìbẹ̀wò sí Stuttgart ni ó nira jù. Opó ni ìyá náà, ilé rẹ̀ ti di àlàpà, àwòrán ọmọ rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ó ń ròyìn bí Karl ti jẹ́ ọmọ dáadáa. Nígbà tí ó gbọ́ pé Júù ni àlejò rẹ̀, ó ní àwọn àti àwọn Júù àdúgbò àwọn gbé pọ̀ ní àlàáfíà, àti pé àwọn kọ́ ni ó jẹ̀bi. Wiesenthal dá a lóhùn pé kò sí ará Jámánì tí ó lè yẹ ẹrù náà sílẹ̀. Ẹni tí kò jẹ̀bi pàápàá ní ìpín nínú ìtìjú náà. Síbẹ̀, kò sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe fún un. Ó jáde, ó sì fi ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ọmọ rere.

Àánú ni ó ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òfin ìrònúpìwàdà wò ó, ìdákẹ́jẹ́ kejì yìí ní àléébù tí àkọ́kọ́ kò ní. Ní àkọ́kọ́, Wiesenthal kò fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ní ìkejì, òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni láti sọ, ó sì pa á mọ́. Ìjẹ́wọ́ ọmọ náà, ohun kan ṣoṣo tí ó dára tí ó ṣe ní òpin ayé rẹ̀, kò dé ilé rẹ̀. Ìyá ń sunkún ọmọ tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí, nígbà tí ọmọ tí ó kú gan-an jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Mi ò sọ pé ìbá ti sọ ọ́. Ta ni yóò rí opó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò ní wúwo? Mo ń sọ pé òǹkàwé tí ó bá kọjá níbẹ̀ láìdúró kò tíì ka ìwé náà tán. Àánú àti òtítọ́ kò bá ara wọn ṣe ọ̀rẹ́ nínú ilé náà, Wiesenthal sì fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀ lórí ara rẹ̀ láìgbèjà.

ẸNI MẸ́WÀÁ LÓRÍ IBOJÌ

Òfin kan kù nínú ìwé Maimonides tí mo rò pé ó lè là wá lójú sí ìwé yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti kú, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kó ènìyàn mẹ́wàá lọ sórí ibojì rẹ̀, kí ó sì sọ níwájú wọn pé òun ti ṣẹ Ọlọ́run àti ẹni yìí, kí ó sì dárúkọ ohun tí òun ṣe. Bí ó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ó san án fún àwọn àrólé rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé a kò ní kí àwọn mẹ́wàá náà dárí jì í. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́, kí ọ̀rọ̀ náà má ba à wà ní ìkọ̀kọ̀.

Karl kò lè ṣe èyí. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, àwọn tí ó sun kò sì ní ibojì tí ènìyàn lè dúró lé lórí. Dípò ẹni mẹ́wàá tí ó fi ìfẹ́ ara wọn wá, ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo ni ó rí, tí a fi ipá mú wọlé. Ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n náà jókòó, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni ó ṣe. Nígbà tí ogun parí, ó gbé ohun tí ó gbọ́ sí gbangba, ó kó àwọn ènìyàn jọ yí i ká, wọ́n sì ju mẹ́wàá lọ. A lè ka gbogbo apá kejì ìwé náà bí àpéjọ lórí ibojì tí kò sí. Àwa tí a ń kà á pàápàá ti dára pọ̀ mọ́ àpéjọ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí Wiesenthal fi parí ìwé, pé kí ni a bá ṣe, kì í ṣe ẹjọ́ tí a ní láti dá. Ohun tí ó ń fẹ́ kí a ṣe ti di ṣíṣe nígbà tí a kà á: a ti gbọ́ pé ìdílé kan bẹ́ láti ojú fèrèsé ní Dnepropetrovsk, a sì ti gbọ́ ẹni tí ó yìnbọn lù wọ́n.

LÁÀÁRÍN ORÍLẸ̀-ÈDÈ SÍ ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Òfin gbèsè àti àrólé náà ní ìtumọ̀ tí ó kọjá ẹnì kan sí ẹnì kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Luxembourg láti san bílíọ̀nù 3 owó máàkì fún orílẹ̀-èdè Israel, àti mílíọ̀nù 450 fún àjọ tí ó ṣojú àwọn Júù tí ó wà ní ilẹ̀ mìíràn. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Jerusalem kí ìjíròrò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, Menachem Begin kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jọ láti tako gbígba owó ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì sọ òkò lu ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìbò 61 sí 50 ni David Ben-Gurion fi borí. Àwọn tí ó tako ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rù pé bí a bá gba owó, a ti dárí jini nìyẹn. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní gbèsè ni a ń gbà, pé ẹni tí ó san gbèsè kò tíì ra ìdáríjì. Òfin ìgbàanì wà lẹ́yìn àwọn tí ó fara mọ́ ọn: sísan gbèsè fún àrólé jẹ́ ojúṣe ẹlẹ́ṣẹ̀, yálà a dárí jì í tàbí a kò dárí jì í.

Ìtàn Jósẹ́fù, tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá èyí mu. Kí Jósẹ́fù tó fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀, ó tún wọn gbé sí ipò àtijọ́: àbúrò kan wà tí bàbá fẹ́ràn jù, àyè sì wà láti fi í sílẹ̀ ní oko ẹrú. Júdà, tí ó dá a lábàá nígbà àkọ́kọ́ pé kí a tà á, ni ó fi ara rẹ̀ dípò Bẹ́ńjámínì. Ìrònúpìwàdà pípé tí Maimonides ń wí nìyí. Síbẹ̀, bí a bá wá inú Jẹ́nẹ́sísì dáadáa, a kò ní rí ibi tí Jósẹ́fù ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun dárí jì wọ́n. Ó sunkún, ó bọ́ wọn, ó tù wọ́n nínú. Ìgbé pọ̀ wọn tún ṣeé ṣe. Èyí kọ́ wa pé àwọn ọ̀tá àná lè jọ máa gbé, kí wọ́n jọ máa jẹun, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdáríjì fúnra rẹ̀ ṣì wà láìsọ.

ÀLÉÉBÙ ÀTI ÌYÌN

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó dáhùn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkùnrin. Àwọn ìdáhùn kan kúrú jù, wọ́n sì dàbí ìwàásù tí a ti kọ sílẹ̀ kí a tó gbọ́ ìtàn. Òmíràn a tilẹ̀ fi ìrọ̀rùn sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn òkú, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ìwé náà ń kìlọ̀ fún wa gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àbùkù yìí kò ba ìtàn náà jẹ́. Wiesenthal kò yin ara rẹ̀, kò pa irọ́ mọ́ Karl, kò sì sọ ọ̀tá di ẹranko kí ó lè rọrùn fún un láti jáde kúrò nínú yàrá.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó yẹ kí ó kà á jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùkọ́ máa ń pàṣẹ fún ọmọ méjì tí ó jà pé, ‘Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, ó ti tán,’ láìbéèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, láìjẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. À ń fi ìdáríjì tọrẹ, tiwa kọ́. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé yìí yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò gbọ́ ẹjọ́ dé òpin, yóò sì bi ẹni tí ọ̀ràn náà dùn bóyá ó ti ṣe tán. Bí kò bá tíì ṣe tán, yóò dúró tì í.